Akínlàjà Gbé Omi Síta, Ajá Rẹ̀ Bu Èrò Jẹ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ kò tíì jẹun ni? Ẹ dáhùn bí ẹni tó yó. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ ò!

Ó dáa. Àlọ́ mi jáde nílé, ó tọ ọ̀nà oko lọ, ó rìn títí, ó balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ sí àgbàlá Akínlàjà, bàbá kan tó ń dá gbé ní ìpẹ̀kun ìlú.

Kì í ṣe pé ó ti ń dá gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Ó ní ìyàwó kan, Àṣàbí, ọlọ́yàyà obìnrin. Ẹ̀bá ọ̀nà oko ni ilé wọn wà, oòrùn ibẹ̀ sì máa ń mú ganrínganrín. Àṣàbí bá gbé àmù ńlá kan sábẹ́ igi ọdán nínú àgbàlá, ó fi ahá lé e lórí. Ẹ mọ ohun tí irú àmù bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kò ní dúró tọrọ ààyè. Yóò wọlé, yóò ní, “Ẹ kúulé o,” yóò bu omi mu, yóò sì bá onílé sọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó máa lọ. Ojoojúmọ́ ni àgbàlá náà ń kún fún ẹ̀rín. Bí àwọn ará oko bá ti ń yọ lókèèrè, orin ni wọ́n á mú sẹ́nu. Ẹ máa gbè é fún mi:

Òùngbẹ ń gbẹ mí o, onílé,
*Yà wá mu.*
Oòrùn pa mí lórí, onílé,
*Yà wá mu.*
Ẹrù wọ̀ mí lọ́rùn, onílé,
*Yà wá mu.*
Ta ló lomi tútù yìí o?
*Tèrò ni, yà wá mu.*

Ẹ ṣeun. Àfi bí Àṣàbí ṣe kú. Àwọn ọmọ wọn ti lọ sí ìlú òkèèrè, wọn kò sì padà. Ilé wá pa lọ́lọ́. Akínlàjà á dá dáná, á dá jẹun, á dá sọ̀rọ̀, á sì dá ara rẹ̀ lóhùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ilé burú ju ebi lọ, ẹ kò tíì mọ̀ ni. Síbẹ̀, láràárọ̀ ló ń pọnmi kún àmù Àṣàbí, kí ohùn èèyàn ṣáà lè máa dé etí rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó he ọmọ ajá kan lójú ọ̀nà. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń fi orúkọ ajá sọ ohun tí wọn kò lè sọ sójú aládùúgbò. Akínlàjà sọ ajá tirẹ̀ ní Tèmiyémi, nítorí àwọn tó ń ní kó lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Àwo kan náà ni òun àti ajá ń jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ajá ń sùn tì. Ajá wá di ọmọ, ó di ọ̀rẹ́.

Ọmọ ajá dàgbà, ó di òǹrorò. Bí èrò bá wọlé, á gbó wáú wáú wáú! Lọ́jọ́ kan ó fa ṣòkòtò àgbẹ̀ kan ya fàà. Akínlàjà ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Baálẹ̀ gbọ́, ó wá.

“Akínlàjà, so ajá rẹ mọ́lẹ̀, tàbí kí o gbé àmù yẹn kúrò. Àwọn méjèèjì kò lè jọ wà nínú àgbàlá kan.”

“Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Ilé mi ni. Ṣé ọmọ mi ni kí n so mọ́gi?”

Kí ni, Ìyíọlá? O ní kí ló dé tí kò gbé àmù kúrò? Bó bá gbé àmù kúrò, ta ni yóò wá kí i? Bó bá so ajá mọ́ ìta, ta ni yóò sùn tì í lẹ́sẹ̀? Akínlàjà fẹ́ méjèèjì, kò sì fẹ́ ṣe wàhálà lórí ìkankan.

Díẹ̀díẹ̀, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá. Ó wá ku Àbẹ̀fẹ́, ọ̀rẹ́ olóògbé Àṣàbí, tó máa ń ru igi ìdáná bọ̀ nírọ̀lẹ́. Á dúró lẹ́nu ọgbà, á pe Akínlàjà, Akínlàjà á di ajá mú lọ́rùn, Àbẹ̀fẹ́ á mumi, á jókòó, wọn á sọ̀rọ̀ Àṣàbí díẹ̀. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí Akínlàjà ń bá èèyàn sọ lóòjọ́ nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àbẹ̀fẹ́ dé. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi di ajá mú o!”

Orí ẹní ni Akínlàjà wà, ara rẹ̀ kọ dídìde. “Wọlé jàre. Kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ó ti mọ̀ ọ́.”

Àbẹ̀fẹ́ wọlé. Gbàgà! Tèmiyémi ti ki eyín bọ̀ ọ́ ní iṣan ẹsẹ̀. Igi ìdáná fọ́n ká gbàrà, obìnrin náà ṣubú lulẹ̀ gbì.

Akínlàjà sáré jáde. Pẹ̀lẹ́ ti dé ètè rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù bà á: bí òun bá ti wí pẹ̀lẹ́, òun ti gba ẹ̀bi nìyẹn. Ló bá ní, “Ó ní láti jẹ́ pé o tẹ̀ ẹ́ nírù!”

Àbẹ̀fẹ́ wò ó, omi lé ròrò sójú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ ó kí mi.” Ó tiro lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ dé iwájú Baálẹ̀. Akínlàjà ní, “Ilé mi ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ajá ló bù ú jẹ, kì í ṣe èmi.”

“Ta ló pọn omi sínú àmù?”

“Èmi ni.”

“Ta ló ní kí ó wọlé?”

“Èmi náà ni.”

“Ilé rẹ ni lóòótọ́,” Baálẹ̀ sọ, “àmọ́ ẹni tó bá pe èèyàn wọlé ni yóò di ajá rẹ̀ mú. Ìwọ ni yóò wo ẹsẹ̀ náà sàn. Ìwọ ni yóò ro oko rẹ̀ títí yóò fi lè rìn. Kí o sì lọ kí i pé pẹ̀lẹ́.”

Akínlàjà wá oníṣègùn fún un, ó roko rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ nìkan ni kò wí. Ó dé ilé, ó ní, “Ṣé omi ló ń pè wọ́n? Kò burú.” Ó da àmù Àṣàbí dé. Kò sí ẹni tí òun pè mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò fẹjọ́ ajá sun òun. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ti pọ̀ jù!

Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó wá mọ́. Nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá orin. Ẹ má gbè é o. Mo ní ẹ má gbè é!

Mo jókòó síta o, èrò ọ̀nà…
Ilẹ̀ ń ṣú lọ o, èrò ọ̀nà…
Ta ni yóò kí mi lónìí o?

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí? Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń dá a kọ yìí.

Òjò dé, ibà dá Akínlàjà dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ Àbẹ̀fẹ́ ti sàn, àmọ́ ó ń tiro. Bó ṣe ń kọjá, kò rí èéfín nílé náà. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà. “Ẹ̀gbọ́n! Ṣé kò sí o? Ẹ bá mi di ajá mú kí n wọlé!”

Wáú wáú wáú!

Akínlàjà gbọ́ ọ. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀ fún un. Ó la ẹnu, ó ní, “Àbẹ̀fẹ́, pẹ̀lẹ́. Jọ̀ọ́, pẹ̀lẹ́.” Àmọ́ ohùn rẹ̀ kò kọjá orí ẹní. Gbígbó ajá ti bò ó mọ́lẹ̀.

Àbẹ̀fẹ́ pè é, ó pè é, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò lè wọlé. Ó tiro sáré lọ pe àwọn ọdẹ. Kí wọ́n tó fi àwọ̀n mú ajá tó dábùú ẹnu ọ̀nà, Akínlàjà ti kú. Àbẹ̀fẹ́ jókòó tì í, ó ń sunkún. “Ṣé kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan?”

Ajá nìkan ló gbọ́.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó sí, kò tún dìde mọ́. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì; àmọ́ ẹ gbọ́ ọ, ó ṣì ń ró ketekete.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: ẹni tó bá sin ajá, kó di ajá rẹ̀ mú. “Ilé mi ni” kò wo ojú ọgbẹ́ sàn. Bí ohun tiwa bá sì pa ẹlòmíràn lára, kí á tètè wí pẹ̀lẹ́ nígbà tí etí ṣì wà nítòsí láti gbọ́ ọ.