Òrùlé Ọ̀ṣunbùnmi

Opó kan tí ń ran òwú, Ọ̀ṣunbùnmi, ló ń gbé ilé tó kẹ́yìn ní agboolé Akínṣọwọ́n. Ọkọ rẹ̀ ti kú, wọn kò sì bímọ. Nígbà ayé ọkọ náà, àwọn méjèèjì a máa tàkúrọ̀sọ títí oúnjẹ á fi tutù níwájú wọn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ta ni obìnrin náà ìbá tún máa bá sọ̀rọ̀? Ó dákẹ́. Ó lè jókòó ti òwú láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ju ìkíni lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó dá wà, ó sì ń dùn ún.

Àwọn ará ilé kò mọ̀. Aláriwo ni wọ́n. Wọ́n ń jà lórí omi, wọ́n ń jà lórí ewúrẹ́. Bí Akínṣọwọ́n, baálé wọn, bá ti ń parí ìjà, Ọ̀ṣunbùnmi ló máa ń nawọ́ sí. "Ẹ wo ìyàwó wa yìí, kí ẹ kọ́gbọ́n. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí omi inú àmù."

Arúgbó kan, Ìyá Délóyè, nìkan ló ń ta kò ó. "Baálé, ẹ má da ọ̀rọ̀ pọ̀. Ìfarabalẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí i nínú òwú tó ń ran. Ìdákẹ́jẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ni ìfọ̀kànbalẹ̀ ń gbé. Ta ló ti bi í léèrè?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá fẹ́ràn àríyànjiyàn.

Ọdọọdún ni agboolé yìí ń ṣe ọ̀wẹ̀ òrùlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin á pa koríko jọ, baálé á sì pe ìpàdé kí onílé kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń jò. Ẹnìkan kì í bá ẹnìkejì sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá ní ilé ọmọnìkejì ń jò, wọ́n á ní ó ń bú u ni. Bí wọ́n bá sì pín koríko tán, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, òrùlé Ọ̀ṣunbùnmi ti jẹrà, ó sì mọ̀ pé ilé náà kò ní la òjò já. Ó fi gbogbo ọ̀nà ìpàdé kọ́ ohun tó máa sọ. Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó la ẹnu. Baálé ti ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin aláriwo, ṣé ẹ rí i? Gbogbo yín lẹ ti ráhùn. Òun nìkan ló dìde láti kí wa!"

"Ọmọ mi, sọ̀rọ̀!" ni Ìyá Délóyè pariwo.

Gbogbo ojú ń wo Ọ̀ṣunbùnmi tìfẹ́tìfẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìyìn yìí nìkan ni ohun tí ẹnikẹ́ni fún un, ẹ̀rù sì bà á kó má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí, ó sì jókòó.

Òjò dé. Omi gba òrùlé Ọ̀ṣunbùnmi wọlé títí ògiri fi wó lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí wọ́n sáré dé ibẹ̀, ó dúró níta, aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, òwú rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀.

Baálé káwọ́ lérí. "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ọkàn mi balẹ̀. Kò balẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú."

Ó bú sẹ́kún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n lọ wo ibi tí wọ́n ń kó koríko sí, kò ku ẹyọ kan. Àwọn tó ráhùn ti gbà á tán, títí kan ẹni tó jẹ́ pé orí ewúrẹ́ rẹ̀ nìkan ni òjò ń kán sí. Ọ̀ṣunbùnmi di ẹrù rẹ̀ ó gba ìlú bàbá rẹ̀ lọ, níbi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ òrùlé yìí ló di òwe lẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń sọ fún ẹni tí ìyà ń jẹ tí kò lanu pé: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.