Àpáàdì Àwẹ̀ró

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já wálẹ̀ pọ̀ọ́, inú ẹnu Ọ̀kẹ́rẹ́ ló bọ́ sí. Fadérera, yọ ìka lẹ́nu kí o gbọ́.

Láyé ọjọ́un, àwọn ẹranko dá Ẹgbẹ́ Eléyín sílẹ̀. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, oníkálukú á gbé iṣu márùn-ún fún Òwìwí, nítorí ojú rẹ̀ ń ríran wọ inú eegun. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni yóò wo ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yóò fi ẹfun ya ohun tó rí sórí àpáàdì, yóò sì fi pamọ́ lórúkọ onítọ̀hún. Àmọ́ Òwìwí kì í dá ojú ẹni mọ̀ dáadáa lọ́sàn-án.

Eyín kankan ò dun Ọ̀kẹ́rẹ́ tó fi sáré lọ. Ó ní, "Ṣé kí iṣu mi gbé ni?" Òwìwí wò ó tán, ó ní, "Ó di àmọ́dún." Kò pé oṣù méjì, níbi tó ti ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ ẹlẹ́kùrọ́, eyín rẹ̀ apá òsì là, kàù!

Ó bá wé gèlè Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, ó sọ ohùn di tín-ín-rín, ó padà tọ Òwìwí lọ lọ́sàn-án gangan.

Òwìwí ní, "Ìwọ ta ni?"

"Èmi Àwẹ̀ró ni, Bàbá."

Òwìwí ya ihò tó rí nínú eyín òsì náà sórí àpáàdì Àwẹ̀ró, ó fi egbòogi dí i. Ọ̀kẹ́rẹ́ délé, kò sọ fún ìyàwó.

Nígbà tó yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Àwẹ̀ró wú rọ̀bọ̀tọ̀. Ọkọ rẹ̀ mú un lọ.

Òwìwí ní, "Mo ti wò ọ́ lọ́dún yìí. Apá òsì ni ihò wà."

"Bàbá, èmi kọ́!"

Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ̀ pé bí òun bá jẹ́wọ́, ẹgbẹ́ á lé òun. Ó wolẹ̀. Ẹ bá mi gbe orin tí ìyàwó rẹ̀ kọ:

Òwìwí, tún mi wò o,
*Tere o tere.*
Apá ọ̀tún ló ń dùn mí,
*Tere o tere.*
Olówó orí mi, sọ̀rọ̀ o,
*Tere o tere.*

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i. Ìkà ọkọ!

Òwìwí ní irora ló ń ṣí kiri lẹ́nu obìnrin yìí. Ó fa eyín òsì yọ, fàtu! Ọyún dúró lápá ọ̀tún, ó gun orí. Lọ́jọ́ kẹta, Àwẹ̀ró kú.

Níbi ìsìnkú, Òwìwí yẹ eyín tó fà wò. Kò ní ihò kankan. Ẹ̀rù bà á. Ọ̀kẹ́rẹ́ wá lanu gbàgà láti sunkún, gbogbo ẹgbẹ́ sì rí egbòogi nínú eyín rẹ̀ apá òsì. Kò sẹ́ni tó bú u. Òwìwí kàn gbé àpáàdì Àwẹ̀ró lé e lọ́wọ́, wọ́n sì túká.

Ibí ni àlọ́ mi jókòó sí. Bí mo bá parọ́ mọ́ ọn, kí eyín mi má lè fọ́ ẹ̀kùrọ́ mọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn gba ohun tí kì í ṣe tiyín. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yín ṣì lè gba ẹ̀mí là.