Igi Tí Wọ́n Fi Há Ìdérí Kànga

Ọkùnrin kan wà tí irin máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Iṣẹ́ ajórin ni ó ń ṣe. Bí ó bá jó irin méjì pọ̀, ojú kì í rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Ọ̀pọ̀ géètì tó wà ní àdúgbò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde, kò sì sí èyí tí olè já nínú wọn rí.

Ó pẹ́ kí ọkùnrin yìí tó bímọ. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti bí, wọ́n ti tún bí, kí ìyàwó tirẹ̀ tó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Nígbà tí ó ń rá, ọkàn bàbá rẹ̀ balẹ̀. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dìde gbé ẹsẹ̀, gbogbo ará ilé ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè é, "Tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́! Tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́!" Bàbá kò pàtẹ́wọ́. Kànga tó wà láàárín agboolé ni ó ń wò.

Kànga yẹn kì í ṣe ti àná. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, lọ́dún tí ọ̀dá mú tí eku oko ń wá omi wá inú ilé. Ó jìn débi pé bí o bá ju òkúta sí i, o lè kí ènìyàn kí o sì gba èsì kí o tó gbọ́ ìró rẹ̀. Páànù ògbólógbòó kan ni wọ́n fi ń bò ó, wọ́n á gbé òkúta lé e. Ewúrẹ́ lásán lè tì í kúrò. Irú páànù bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kan tẹ̀ ní agboolé kejì tó fi já sínú kànga. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì dárúkọ ọmọ náà, ìyá rẹ̀ á dìde kúrò láàárín èrò.

Nítorí náà, ẹ̀rù ń ba ajórin. Bí ó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ ẹlòmíràn ké, irin á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń jẹun, etí rẹ̀ kan ń bẹ nídìí kànga.

Nígbà tó yá, ó bi ara rẹ̀ pé, "Kí wá ni ìwúlò iṣẹ́ tí mo kọ́?" Ó wá irin pẹlẹbẹ tó nípọn, ó gé e róbótó, ó fi irin mìíràn gbá a létí yípo. Ìdérí náà ba ẹnu kànga mu gẹ́lẹ́. Aláǹgbá kò lè rí ibi gbà wọlé. Ọkùnrin méjì ló gbé e wálé, tí òógùn bò wọ́n.

Àwọn ìyàwó ilé tú jáde, wọ́n kúnlẹ̀. Ìyálé wọn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ajórin tó ń gbé ìyẹ̀wù ọwọ́ ọ̀tún, ni ó ṣáájú ọ̀rọ̀.

"Ọkọ wa, ẹ ṣeun. Ọwọ́ tó ṣe èyí kò ní gbẹ."

"Àmín," ni gbogbo wọn wí.

Inú ajórin dùn. Kò sí ẹni tó ní kí ọ̀kan nínú wọn gbé e wò. Ta ni ìbá tilẹ̀ sọ ọ́? Ìyàwó ilé kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọkọ ilé kó tún máa wọ̀n ọ́n wò lójú rẹ̀. Bí ó bá ra bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ wọn, "Ó bá mi mu, ẹ ṣeun" ni wọ́n kọ́ wọn láti wí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wọn tọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ rere ni, a kò sì ní tìtorí ìtàn yìí pa á tì.

Kò pẹ́ tí ajórin wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí ó bá ìdérí ní ìdajì ṣíṣí. Igi ìdáná kan ni wọ́n fi há a lẹ́nu. Àyè tó ṣẹ́ kù tó korobá í wọ̀. Ó tó Àwẹ̀ró náà í wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná. Ó yọ igi náà, ó jù ú sẹ́yìn ilé, ìdérí sì já lulẹ̀ gbìì.

"Ta ló ṣe èyí?"

Àwọn ìyàwó ilé sáré jáde, wọ́n kúnlẹ̀.

"Mo ní ta ló ṣe é? Ṣé ẹ fẹ́ kí n padà di ẹni tí kò bímọ ni?"

"Ẹ má bínú, ọkọ wa," ni ìyálé wí. "A ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ṣùgbọ́n igi padà. Ó yọ ọ́, ó tún padà. Nígbà tó yá, kì í tilẹ̀ ṣe igi ìdáná lásán mọ́. Ẹnìkan ti fi àdá gbẹ́ ẹ, ó ṣá orí rẹ̀ pẹlẹbẹ kí ó má baà yẹ̀, ó sì dá ihò kékeré sí i nídìí kí ó lè jókòó létí sìmẹ́ńtì ẹnu kànga. Bí ajórin bá dúró wo igi yẹn, ìbá mọ̀ pé ẹni tó gbẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbẹ́ ẹ ni. Òun náà oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ó mọ iṣẹ́ bó bá rí i. Ṣùgbọ́n kò wò ó. Àìgbọ́ràn nìkan ni ó rí. Ó jù ú sẹ́yìn ilé pẹ̀lú àwọn tó kù.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ wálé, ó sì jó irin kejì lé ìdérí náà lórí.

Láti ọjọ́ yẹn, kò bá a ní ṣíṣí mọ́. Ó bá a ní pípadé ní àárọ̀, ó bá a ní pípadé ní ìrọ̀lẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ ti ń rìn. Ó ní wọ́n ti gbọ́n.

Nǹkan kan wà tí kò bi ara rẹ̀. Omi kò wọ́n nínú ilé. Ìkòkò ń kún, ó ń wẹ̀, ó ń mu. Nígbà mìíràn tí ó bá bu omi mu, iyanrìn á dún lábẹ́ eyín rẹ̀.

"Omi kànga yìí ti ń yí padà o," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. "Òjò ni, Bàbá Àwẹ̀ró."

Òjò ọdún náà pọ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ kan ó rọ̀ láti àárọ̀, iná lọ, iṣẹ́ kò ṣeé ṣe. Ajórin ti ṣọ́ọ̀bù, ó wá sílé. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ kí aláìsàn. Ìyá tó bí ajórin ló bá lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá, Àwẹ̀ró dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ìyàwó kékeré."

Ìyàwó kékeré ni aya àbúrò rẹ̀ tó kéré jù, tí wọn kò tíì pẹ́ gbé wọlé. Ó pè é, kò gbọ́ ohùn. Ó tún pè. Kí ọkàn rẹ̀ tó ronú, ẹsẹ̀ ti gbé e dé ìdí kànga. Ìdérí wà ní pípadé. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọpẹ́ o."

"Kí lò ń wá níbẹ̀ yẹn?" ìyá rẹ̀ bi í. "Odò ni wọ́n lọ."

"Odò kẹ̀, Ìyá? Nínú òjò yìí?"

"Níbo ni ìwọ rò pé omi tí ò ń mu ti ń wá?"

Ó sáré. Ọ̀nà odò ń yọ̀ bí ilá, ó ṣubú, ó dìde, kò nu ẹrẹ̀. Ó gbọ́ ohùn odò kí ó tó rí i. Omi ti pọ́n, ó kún dé ìdí oparun, ó ń gbé odindi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ bí ẹni gbé ìyẹ́ adìyẹ. Ìyàwó kékeré wà nínú rẹ̀ dé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ti korobá bọ omi. Ọ̀já tó fi pọn ọmọ wà ní èjìká rẹ̀. Àwẹ̀ró jókòó lórí àpáta létí omi, ó ń na ọwọ́ sí ìfófòó tó ń kọjá.

Ajórin kò pariwo. Ariwo lè mú kí ọmọ ta gìrì ṣubú sínú omi. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan aṣọ ọmọ. Ìgbà yẹn ni ohùn rẹ̀ tó jáde.

"Ìwọ ìyàwó yìí! Kànga wà nílé, o gbé ọmọ mi wá sódò tó kún!"

Inú omi níbẹ̀ ni ìyàwó kékeré ti kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ má bínú." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́ méjèèjì ni ènìyàn fi ń di gbòǹgbò mú kó tó lè gun bèbè odò náà. Ajórin gba ọ̀já, ó pọn ọmọ bí ọkùnrin ṣe lè pọn ọn. Ìyàwó kékeré ru omi, ó ń tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, òjò ti dá, àwọn obìnrin ti jáde síta.

"Yéè! Ẹ wá wo abiyamọ tuntun!" ni ọ̀kan kígbe.

"Ọkọ wa, ẹ kú ewu ọmọ o," ni ìyálé wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọ̀já yín dáadáa, ó ti ń tú!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi rí ojú rẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ. Kò sọ ọmọ kalẹ̀. Ìdí kànga ló gbà lọ tààrà.

"Ẹ súnmọ́ ibí, gbogbo yín. Ẹ wá fi hàn mí. Kí ló le nínú ká ṣí ìdérí?"

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ irin, ó fa etí rẹ̀ sókè. Irin ni iṣẹ́ rẹ̀, ìdérí sì gbọ́ tirẹ̀, ó dìde. Ṣùgbọ́n bí ó ti bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ wà lẹ́nu kànga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga ju orí lọ. Ọ̀já tú. Àwẹ̀ró yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gba ọrùn rẹ̀ kọjá, ó forí lé inú òkùnkùn tó ń rùn omi.

Ọwọ́ méjèèjì ajórin wà lábẹ́ irin. Bí ó bá jù ú sílẹ̀, ìdérí á já lé ọmọ lórí. Bí ó bá dì í mú, ọmọ ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ohun tó dè é lọ́wọ́.

Omi tó wà lórí ìyàwó kékeré dà sílẹ̀ yàà. Ẹsẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ló rí mú, ó sì fi fà á padà.

Ajórin sọ ìdérí kalẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí pọn ọmọ. Èyí lóyún, ikùn rẹ̀ ti wọ̀. Èyí ń di ìbàdí mú, ó ti pẹ́ tó ti ń ráhùn ẹ̀yìn ríro. Àwọn tó gbé ìdérí yìí wálé fún nìyí. Kò sí ajórin kan nínú wọn.

"Ẹ̀yin ìyàwó," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "kí ni kí n ṣe sí i?"

Ìyálé kúnlẹ̀. "Ó dára bẹ́ẹ̀, ọkọ wa. Iṣẹ́ yín dára."

Bí kò bá ṣe pé omijé wà lójú rẹ̀, ìbá rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ nígbà náà pé kò lè rí òtítọ́ gbà lẹ́nu tí wọ́n ti kọ́ láti máa bọ̀wọ̀ fún un. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn igi tó ti jù nù. Ó rí èyí tí wọ́n fi àdá gbẹ́. Ó nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó yí i wò. Gíga rẹ̀ ni gíga tí wọ́n fẹ́. Àyè tí ó ń fi sílẹ̀ ni àyè tó tó korobá. Gbogbo ohun tí ó ń béèrè ti wà lára igi náà láti ọjọ́ yìí.

Igi yẹn ni ó fi wọ̀n iṣẹ́. Ó mọ odi kékeré tó dé ìbàdí obìnrin yípo ẹnu kànga. Ó gbé ìdérí ńlá náà lé orí odi, ó so ó mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má tún gbé e mọ́, ó gé ihò kan sí i láàárín tí kò ju korobá lọ, ó sì fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ilẹ̀kùn sí i, èyí tí ọwọ́ kan lè ṣí lóòró, tí yóò sì padé fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀.

Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fetí sí ọpẹ́ náà. Ó lọ jókòó sí ìdí ògiri, ó ń wo ọwọ́ wọn. Ìyàwó kékeré dé pẹ̀lú Àwẹ̀ró tó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ṣí ilẹ̀kùn, ó fa omi, kò bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn padé fúnra rẹ̀. Ó dì í mú, ó wẹ̀yìn wo ọmọ, ó rọra gbé ilẹ̀kùn náà kalẹ̀. Ajórin kò bi í léèrè. Ó ké róbà lára sálúbàtà àtijọ́, ó fi tẹ́ etí ihò náà kí irin má baà dún mọ́ irin. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó kékeré fa omi tán, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó sì ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Kò wẹ̀yìn. Kò dúpẹ́. Kò tilẹ̀ dà bí ẹni tó rántí pé ìdérí wà níbẹ̀.

Ọpẹ́ yẹn ni ajórin gbà. Síbẹ̀, títí tó fi dàgbà, bí òjò bá rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa wá aṣọ ọmọ.

Ìwọ náà ń ṣe nǹkan fún ènìyàn. Bóyá àga lò ń kàn, bóyá ilé lò ń kọ́ fún ìyá rẹ, bóyá òfin lo fi lélẹ̀ nínú ilé rẹ nítorí pé o fẹ́ràn wọn, tí ẹ̀rù sì ń bà ọ́ nítorí wọn. Má fi ọpẹ́ wọn ṣe ìrọ̀rí. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ọ á dúpẹ́ fún ohun tó ń ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn pàápàá. Lọ wo ibi tí wọ́n ti fi igi há iṣẹ́ rẹ lẹ́nu. Bí o bá rí i, má fi ìbínú yọ ọ́, gbé e sókè kí o kà á, nítorí igi yẹn ni ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ fún ọ.

Bí o kò bá sì rí igi kankan mọ́, má tíì yọ̀. Kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi tí ò ń mu ti ń wá.