Pàǹtí Láṣebìkan

Ní agbègbè wa, bí ẹnìkan bá gbọ́n jù, àgbà kan á kàn mirí, á ní, "Pàǹtí Láṣebìkan ló fi Ọdẹ́jìnmí joyè." Ẹnu a máa ya àlejò. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ìdọ̀tí tí a gbá nílẹ̀ fi ènìyàn jẹ Baálẹ̀? Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Láṣebìkan ló kọ́kọ́ dé igbó náà. Òótọ́ ni, ẹ má jẹ́ ká fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Òun àti Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáko níbẹ̀. Ọdún kejì ni Ọdẹ́jìnmí dé, tó kọ́lé tì wọ́n. Ṣùgbọ́n Láṣebìkan ti ń fojú Baálẹ̀ wo ara rẹ̀ kí abà náà tó ní ilé mẹ́ta. Ó ní eṣinṣin kì í kùn lẹ́yìn ilé ọlọ́lá, nítorí náà kò dá ààtàn. Ọdún kìíní, odò ló ń da pàǹtí sí. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí dé, ààtàn Ọdẹ́jìnmí ló ń rán ìyàwó rẹ̀ lọ dà á sí, bí àwọn onílé bá ti lọ sóko.

"Baba Móríyìkẹ́, ẹ jẹ́ ká dá ààtàn tiwa," ni Àṣàkẹ́ máa ń bẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ ṣáà máa dà á síbẹ̀. Ìdọ̀tí kì í sọ ilé tó ti wá."

Ọdẹ́jìnmí fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn ará abà. Láṣebìkan bá fi ẹnu kan àdá lójú gbogbo abà. "Bí pàǹtí ilé mi bá dé ààtàn yẹn rí, kí Ògún má dá mi sí!" Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín, ó lọ gbin elégédé sórí ààtàn rẹ̀.

Lọ́dún kẹtàdínlógún, ọba ìlú tí wọ́n ti wá rán Jagùn, ìjòyè rẹ̀, sí wọn pé kó fi ẹni tó kọ́kọ́ dé jẹ Baálẹ̀, kí abà sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Láṣebìkan ti pa ewúrẹ́ sílẹ̀.

"Jagùn, èmi ni mo kọ́kọ́ dé," ni Ọdẹ́jìnmí wí. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n inú ti ń bí i tipẹ́. Àwọn tó kù, ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ni wọ́n dé. Kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí.

Jagùn ní, "Ẹnu lè purọ́, ààtàn kì í purọ́. Ilé tí ààtàn rẹ̀ bá jìn jù ló pẹ́ jù. Ẹ gbẹ́ ẹ."

Wọ́n gbẹ́ ti Ọdẹ́jìnmí títí ihò fi mu ọkùnrin dé àyà. Ìkòkò Àṣàkẹ́ tó fọ́ jáde. Ọkọ́ tí Láṣebìkan fi kọ ebè àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ náà jáde. Àṣàkẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀; ọkọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Láṣebìkan, tìrẹ dà?"

Ó wo ọkọ́ rẹ̀ nílẹ̀. Bó bá pè é ní tirẹ̀, ó ti búra èké nìyẹn, lójú Ògún, lójú gbogbo abà. Ó dùn ún dé ọkàn.

"Jagùn, ilé mi mọ́ ni. A kì í ní pàǹtí."

"Fún ọdún mẹ́tàdínlógún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"A jẹ́ pé ẹ kì í jẹun nílé yẹn."

Abà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n já ewé akòko lé Ọdẹ́jìnmí lórí, wọ́n sì fi ewúrẹ́ Láṣebìkan ṣe àsè rẹ̀. Abà Ọdẹ́jìnmí ni wọ́n ń pe ibẹ̀ títí dòní. Nígbà tó kan Láṣebìkan láti dọ̀bálẹ̀, Baálẹ̀ tuntun tẹ̀ ba létí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun," ló wí. "Èmi nìkan kì bá tí lè gbá pàǹtí tó pọ̀ tó yẹn jọ."

Òun ni wọ́n ṣe ń sọ pé pàǹtí Láṣebìkan ló fi Ọdẹ́jìnmí joyè.