Mẹ́mọ́rì Tí Kò Gbọdọ̀ Gbàgbé

Ọ̀gá àwọn oníná ìlú já wọ ṣọ́ọ̀bù Ṣijúadé, ọmọbìnrin tó ń to kọ̀ǹpútà géèmù, ó ní: “To tèmi! Ọjọ́ tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ bá gbàgbé ibi tí mo gbá géèmù dé, màá gé iná ṣọ́ọ̀bù yìí.” Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ gbójú sókè. Ṣijúadé ṣa mẹ́mọ́rì méjì tó bára mu, ó kì wọ́n bọ inú ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀: “Kò ní gbàgbé, sà, àyàfi tí iná bá lọ. Ṣé iná yín máa ń lọ ni?” Ọ̀gá wo ojú àwọn oníbàárà. “Iná tèmi? Kì í lọ!” Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó tún já wọlé bí ìjì: “Mẹ́mọ́rì ti gbàgbé!” Ṣijúadé kúnlẹ̀: “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Àbí iná lọ ni?” Àwọn oníbàárà tó ń fi páálí fẹ́ ara wọn nínú ooru yíjú sí i. Ọ̀gá wúkọ́. “Rárá o. Mo kàn ní kí n yà kí yín ni.”