Àwọn Màlúù Tí Kò Lẹ́sẹ̀

Kí irun orí Láwoyin, ọmọ Ṣakí, tó funfun ló ti ń kó obì gba inú aṣálẹ̀ lọ sí ìlú àwọn oníyọ̀. Òun ni olórí àwọn oníṣòwò tó ń bá a rìn, ẹnu rẹ̀ sì ni gbogbo wọn ń wò. Àbùkù kan ló ní: kì í gbójú fo nǹkan. Bí ó bá rí àfọ́kù ìkòkò nínú iyanrìn, á dúró. Bí ó bá rí ọmọ ọlọ, á gbé e, á máa bi ara rẹ̀ pé, "Ta ló ń lọ nǹkan níbi tí koríko kò hù?" Àwọn tó ń dúró dè é nínú oòrùn á máa mí kanlẹ̀.

Lọ́dún kan, wọ́n dé ibi kànga tí wọ́n ti máa ń pọnmi, iyanrìn ti dí i pa. Omi inú àpò awọ wọn kò lè gbé wọn dé iwájú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé wọn padà sẹ́yìn. Àyà Láwoyin já, nítorí òun ló kó ọmọ ọlọ́mọ wá.

Wọ́n sá sí ibòòji àpáta ńlá kan. Níbẹ̀ ni Láwoyin ti rí àwòrán tí àwọn ará àtijọ́ fi ilẹ̀ pupa kùn sára òkúta: màlúù oníwo gígùn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, àwọn obìnrin ru ìkòkò tẹ̀lé wọn. Ó gbàgbé òùngbẹ. Ó ń fi ìka tọ wọn lọ títí ó fi kan ibi tí iyanrìn ti bo àpáta.

"Kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí kò lẹ́sẹ̀?"

Ògúndòyìn, igbákejì rẹ̀, kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Bàbá, ẹ dákun, ẹsẹ̀ tiwa ni kẹ́ ẹ rò. Màlúù ara òkúta kò ní gbé wa délé."

"Ẹni tó fara balẹ̀ ya ìwo báyìí kò ní gbàgbé ẹsẹ̀. Ó wà nísàlẹ̀."

Ni àgbàlagbà bá kúnlẹ̀, ó ń fi igbá wa iyanrìn. Àwọn èrò wo ara wọn. Kí òùngbẹ máa pa èèyàn lọ, kó tún máa wá ẹsẹ̀ màlúù! Ọ̀rọ̀ kan ti dé ètè Ògúndòyìn, ọjọ́ orí bàbá ló wò tí kò fi sọ ọ́. Ó gbé àpò omi kọ́ èjìká, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ yè máa tẹ̀lé òun. Wọ́n sì tẹ̀lé e.

Láwoyin kò gbójú sókè. Ẹsẹ̀ yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n màlúù tó ṣíwájú tẹrí ba, ẹnu rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ iyanrìn. Kí ló ń mu? Ó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, iyanrìn tútù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ padà o! Ẹ padà wá!"

Wọ́n sáré padà, wọ́n fi igbá wà á, wọ́n fi ọwọ́ wà á, títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun, ó rú lákọ̀ọ́kọ́, ó wá mọ́. Ògúndòyìn mu àmuyó, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Díẹ̀ ló kù kí n pè yín ní wèrè."

Láwoyin rẹ́rìn-ín, iyanrìn kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Bí kì í bá ṣe ti àwọn tó ya màlúù yìí, òótọ́ lò bá sọ."

Ògúndòyìn gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ẹnu rẹ̀ sì làwọn àgbà ti gbà á, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.