Akọ̀wé Ẹbí àti Bọ́tìnnì Tó Ń Sáré

Ọkùnrin kan wà, akọ̀wé ẹbí ni. Gbogbo orúkọ ẹbí wọn, igba ó lé mẹ́rìnlá, wà nínú áàpù kan lórí fóònù rẹ̀, láti orí àgbà títí dé orí ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n làkúrègbé ti mú un ní ìka. Bí ó bá fẹ́ tẹ orúkọ ẹnì kan lójú fóònù, ti ẹlòmíràn ni yóò ṣí.

Ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀, ẹni tí ó ń fi irú áàpù bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ jẹun, rí i, àánú sì ṣe é. Ó tún áàpù náà ṣe, ó mú kíbọ́ọ̀dù kékeré kan wá tí a lè so mọ́ fóònù. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì kan, a ó bọ́ sórí orúkọ tó kàn. Bí a bá tẹ èkejì, a ó padà sókè.

Ọkùnrin náà gbà á, kò rẹ́rìn-ín. Ta ló rán ọmọ yìí? Ṣé kì í ṣe bàbá rẹ̀, àbúrò òun, tó ti ń wo ipò akọ̀wé láti ọjọ́ yìí? Nígbà tí ọmọ náà ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ hàn yín,” ó jágbe mọ́ ọn: “Ìwọ tí wọ́n sọ lórúkọ lójú mi! Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ àwọn bàbá mi?” Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìpàdé ẹbí pé. Ìyá arúgbó kan wá, àbíkẹ́yìn bàbá-bàbá wọn. Ọdún keje rèé tí ìyá yìí ti bínú kúrò nípàdé, nítorí pé wọ́n fo orúkọ rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi mú un wá.

Ó kan pípe orúkọ. Nínú ẹbí yìí, wọn kì í pe àgbà lásán, wọ́n máa ń ki oríkì rẹ̀ mọ́ ọn ni. Akọ̀wé tẹ bọ́tìnnì, ó kan Àjàmú, ẹ̀gbọ́n ìyá náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó kì í títí àgbà náà fi ń mi orí. Ìka akọ̀wé kò kúrò lórí bọ́tìnnì. Nígbà tí yóò fi wojú fóònù, orúkọ ìyàwó tuntun ilé ló bá níbẹ̀, òun ló sì pè.

Ìyá arúgbó dìde, ó fún ìró rẹ̀ le. “Ẹ kú ìpàdé o. Ẹ̀ bá ti jẹ́ kí n jókòó sílé mi.”

Akọ̀wé fò sókè. “Ọmọ yìí ló yọ orúkọ ìyá kúrò! Bàbá rẹ̀ ló rán an!”

Ọmọbìnrin náà kò bá a jiyàn. “Bàbá, ẹ gbé ìka yín kúrò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ kò fi í sílẹ̀, ńṣe ni yóò máa sáré lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́sí nìyẹn.” Ó tẹ̀ ẹ́ padà sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo ẹbí. Orúkọ ìyá náà wà níbẹ̀, lábẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Akọ̀wé pè é. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti dé títì, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, mi ò ní kí o má fura. Mo ti pẹ́ láyé tó láti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó ń fúnni ní nǹkan ló mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí o bá ń fura sí, pè é jókòó, kí o gbọ́ tẹnu rẹ̀ dé ìparí. Ìyàwó ọmọ rẹ tí o dá padà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí, ǹjẹ́ o mọ ohun tí ó fẹ́ sọ? Dìde, lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.